Ojú inú kì í ṣe ìran: àwọn àṣìlò tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Òṣìṣẹ́ kan kíyè sí i pé gbèsè ń ga ní ibiṣẹ́ òun, pé àwọn oníbàárà ń dín kù. Ó yáa wá iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n tó kógbá sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Aríran ni!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi ìran hàn án. Ohun tó wà níwájú gbogbo wọn ló wò, tó fi mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ẹni tó lójú inú là ń pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Àṣìlò yìí ló dùn mí jù, torí ó ń gba iyì ìrònú lọ́wọ́ ẹni tó ronú. Aríran ń retí ìfihàn, olójú inú ń kíyè sí nǹkan. "Ríran" gan-an tún ń da ọ̀rọ̀ rú, nítorí ojú lásán náà ń ríran: àgbà tó ní òun ò ríran dáadáa mọ́, awò ojú ló ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ fi yin onírònú, ẹ ní "ó ń ríran jìnnà."

Ẹ má kọ "Mo lójú inú pé òjò máa rọ̀." Ojú inú kì í gba "pé" bẹ́ẹ̀. Ìwà ẹni ló ń sọ, kì í ṣe èrò ọjọ́ kan. "Mo ti fura pé òjò máa rọ̀" ló tọ́. "Fojú inú wò ó" náà tún yàtọ̀: ká ya àwòrán nǹkan sọ́kàn ni, ọ̀lẹ pàápàá lè ṣe é.

Àfojúsùn náà kì í ṣe ojú inú: ibi tí èèyàn ń lé ni. Ẹni tó ní in lè máà lójú inú rárá, kó máa sáré lọ sínú kòtò. Ọ̀làjú ńkọ́? Ìwé lè la èèyàn lójú, kó má sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa dá sílẹ̀ lọ́la. Ní ti "Arínúróde", Ọlọ́run là ń fi kì, ẹ má fi pe ènìyàn.

Ẹ má sì fi ojú inú mọ sọ́dọ̀ àgbà. Lóòótọ́, ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i, àmọ́ Yorùbá kan náà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ ọdún 10 tó máa ń kó aṣọ wọlé bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, láìjẹ́ pé wọ́n rán an, ẹ sọ fún un pé, "O lójú inú," kó lè mọ orúkọ ohun tó ní.