Ọta òjé mi ò jáde dáadáa: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń da ọta fúnra wọn

Tí ọta bá jáde láìdára, òjé tàbí ìkòkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń fura sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin onílàjì méjì tí a ń da òjé yíyọ́ sínú ihò rẹ̀, ló lẹ́bi: ó tutù, tàbí ó lọ́ràá, tàbí nǹkan há sí i lójú. Dídà òjé nìkan la mú níbí, a ò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀tù rárá, ibi tí òfin bá sì ti fàyè gba títún ọta kì ni iṣẹ́ yìí wà fún.

Ara ọta mi ń hunjọ bí awọ arúgbó, àwọn ìlà òrùka rẹ̀ ò sì mú. Ìkòkò wà ní 380 °C. Ṣé kí n tún fi iná kún un ni?

Ẹ má fi iná kún un. 380 °C ti tó. Òjé gan-an ń yọ́ ní 327 °C, àárín 360 sí 400 °C ló sì dára láti máa dà á. Mọ́ọ̀dù ni kí ẹ bi í.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìhunjọ náà ṣe rí. Tó bá jẹ́ ọta mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ló hunjọ, tí àwọn tó tẹ̀lé e wá ń dára sí i, mọ́ọ̀dù tutù ni. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń hunjọ lára gbogbo ọta, tí ẹ da ọgọ́rùn-ún tí kò yí padà, epo wà nínú mọ́ọ̀dù. Mọ́ọ̀dù tuntun máa ń bá epo tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà wá. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kó tó súnmọ́ òjé yíyọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe padà da epo sí i. Ojú ìṣó tí irin tó bo ẹnu mọ́ọ̀dù fi ń yí àti àwọn pìnnì tó so ó pọ̀ nìkan ló nílò epo, ìwọ̀nba tó lè rọ̀ mọ́ orí igi ìtayín sì ti tó. Bí mọ́ọ̀dù bá ti gbóná, epo tó pọ̀ jù á rìn wọ inú ihò.

Fún èyí tó tutù: ẹ gbé mọ́ọ̀dù lé sítóòfù iná mànàmáná tí ẹ fi pẹlẹbẹ irin bò lójú, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù á tètè gbóná, onírin á pẹ́ díẹ̀.

Ojú ọta nìkan kọ́ ni ẹ ti lè mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó. Ẹ wo òjé kékeré tó máa ń ṣẹ́kù lórí irin tó bo ẹnu mọ́ọ̀dù, tí a ó máa pè ní ìdodo níbí. Bí ẹ bá ṣe dáwọ́ dídà dúró, ìdodo á máa dán bíi dígí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, àárín rẹ̀ á rì wọlé díẹ̀, nítorí pé ọta tó wà nísàlẹ̀ ń sún kì, ó sì ń fa òjé sọ́dọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ á ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sí dígí. Láti ìgbà dídán dé ìgbà ṣíṣú, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí mẹ́fà ló dára. Tó bá ṣú láàárín àáyá kan sí méjì, mọ́ọ̀dù tutù. Tó bá kọjá mẹ́wàá, ó ti gbóná jù.

Ohun kan ṣì wà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́: kí ènìyàn máa dáwọ́ dúró láti gbé ọta kọ̀ọ̀kan wò. Mọ́ọ̀dù ń tutù ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń wò ó. Ẹ da mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan láìsinmi, kí ẹ máa jẹ́ kí wọ́n bọ́ sórí táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ yẹ̀ wọ́n wò.

Ara ọta dára, àmọ́ etí ìdí rẹ̀ rí roboto, kò mú.

Èyí burú ju ara tó hunjọ lọ, torí ìdí ọta ló ń darí rẹ̀ bó bá ń jáde lẹ́nu ìbọn. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tí irin ẹnu mọ́ọ̀dù wò: tí ẹ bá dá mọ́ọ̀dù sí ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kí irin náà lè fúnra rẹ̀ yí. Tí wọ́n bá dè é le jù, afẹ́fẹ́ inú ihò ò rí ibi jáde, òjé ò sì ní lè dé etí. Ẹ tú ìṣó rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi òjé púpọ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdodo, kó tó ìbú owó ẹyọ, kó lè mú irin náà gbóná, kí ọta sì rí òjé fà bó ṣe ń sún kì.

Tí kò bá tíì yí padà, ẹ fi tíìnì kún un. Tíìnì ló ń jẹ́ kí òjé ṣàn wọ kọ̀rọ̀. 100 gíráàmù nínú 5 kílò òjé sún mọ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì tó. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó lẹ ń sọ nù. Sódà tí kò ní òjé, èyí tí wọ́n fi ń jó páìpù omi, sábà máa ń jẹ́ tíìnì fún èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ìkòkò kọjá 400 °C, torí pé láti ibẹ̀ lọ ni tíìnì ti ń jóná lójú òjé.

Ọta mi funfun bí awọ ara tí kò rí ìpara. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Kò bàjẹ́. Mọ́ọ̀dù gbóná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ẹ lò ó. Tí ẹ bá fẹ́ kó dán, ẹ dín eré kù. Kìkì tí funfun náà bá di ihò wẹ́wẹ́ sójú kan ni kí ẹ kó o padà sínú ìkòkò.

Òjé ń yọ etí wẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta, ó sì tún ń há sínú mọ́ọ̀dù.

Mọ́ọ̀dù ò pa ẹnu dé. Ẹ gbé e síwájú iná, kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín ìlàjì méjèèjì. Ẹ̀kán òjé kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló sábà máa ń fa èyí. Ẹ fi igi tín-ín-rín yọ ọ́ nígbà tí mọ́ọ̀dù ṣì gbóná. Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́: àpá tí irin bá dá sí etí ihò ni yóò máa há ọta mú títí ayé.

Fún ọta tó há, ẹ fi igi lu ìṣó tó so ọwọ́ mọ́ọ̀dù méjèèjì pọ̀. Ẹ má lu mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi èéfín ìṣáná dú inú ihò. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi, àpá etí ihò tó yẹ kí wọ́n wá ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀.

Òjé bálánsì táyà ni mò ń yọ́. Ó ti rí bí ògì tó di kókó, kò kún ihò mọ́.

Síńkì ti yọ́ sínú rẹ̀. Nínú òjé bálánsì tí wọ́n ń ṣe báyìí, ọ̀pọ̀ jẹ́ síńkì tàbí irin. A máa ń rí "Zn" lára ti síńkì, "Fe" lára ti irin. Èyí tí kò ní àmì, ẹ jù ú sórí sìmẹ́ǹtì: ti òjé á dún *gbì*, ti síńkì á dún *kíń*. Síńkì ò yọ́ títí dé 419 °C. Nítorí náà, tí ẹ bá ń yọ́ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí tẹmọ́mítà kọjá 370. Síńkì á léfòó, irin náà á léfòó, ẹ ó sì fi ìgbakọ kó wọn kúrò. Èyí tó ti yọ́ wọlé ò ṣeé yọ lọ́wọ́ nílé. Ẹ lò ó fún òjé àwọ̀n ìpẹja.

Òjé inú bátìrì ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe é. Àséńíìkì àti áńtímọ́nì inú rẹ̀ lè di afẹ́fẹ́ olóró tó ń pani, ó sì ní kálísíọ̀mù nínú tó ń mú un burú sí i.

Ìdàrọ́ ojú òjé ò tán. Bí mo ṣe ń kó o ló ń yọ.

Nǹkan eérú tí ẹ ń kó yẹn, tíìnì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó kó o, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀rẹ̀ pákó gbígbẹ sí i, ẹ jẹ́ kó jóná di dúdú, kí ẹ wá fi igi gbígbẹ rò ó, kí ẹ máa ha ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Èédú igi náà á dá tíìnì padà sínú òjé. Ohun tó bá ṣẹ́kù lójú rẹ̀, tó dàbí ìyẹ̀pẹ̀ dúdú, òun ni ìdàrọ́ gidi. Ìda oyin náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń gbiná.

Ìkòkò ṣàdédé bú gbàù, òjé ta sí ara ògiri.

Omi ni. Omi tó bá bọ́ sábẹ́ òjé yíyọ́ á di oru lójú ẹsẹ̀, á sì fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700, òjé tó wà lórí rẹ̀ ni yóò sì gbé dà sí ẹ lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò nìkan: òógùn tó kán láti iwájú orí tó. Ìgbakọ tútù tí ẹ ki bọ ìkòkò tó. Òjé àlòkù tí omi pamọ́ sínú ihò rẹ̀ ló burú jù. Ìkòkò tí kò tíì gbóná ni kí ẹ ti kó òjé àlòkù sí kí ẹ tó tan iná, kí omi lè gbẹ kí òjé tó yọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ gbé e sétí ìkòkò kó kọ́kọ́ gbóná. Òjé tí wọ́n sì ṣà ní pápá ìyìnbọn, ẹ tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọta tí kò tíì yìn má bàa bá a wọlé.

Ẹ wọ awò tó bo ojú pátápátá, ìbọ̀wọ́ awọ, aṣọ òwú alápá gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ni lára.

Òjé ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Ṣé kí n mú òjé le sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìbú ọta. Ẹ fi òjé rírọ̀ la ọ̀pá ìbọn já, kí ẹ fi máíkírómítà wọn òjé náà níbi tó ti fẹ̀ jù: ìbú ọ̀pá níbi tí ìlà inú rẹ̀ ti jìn jù nìyẹn. Ó yẹ kí ọta fi 0.025 sí 0.05 mílímítà tóbi jù ú lọ. Tó bá kéré, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á sì máa yọ́ ọ. Líle ò lè tún ìyẹn ṣe. Ó tiẹ̀ lè mú un burú sí i, torí ọta líle ò ní fẹ̀ láti dí àlàfo náà. Tí òjé bá lẹ̀ nítòsí ibi tí ọta ti ń gbéra, ìbú ni kí ẹ fura sí. Tó bá jẹ́ nítòsí ẹnu, ọ̀rá tí ẹ fi pa ọta ló ti tán lọ́nà.

Ní ti líle: òjé lásán wà ní nǹkan bí 5 lórí òṣùwọ̀n Brinell. Àdàlù òjé 90, tíìnì 5 àti áńtímọ́nì 5 wà ní nǹkan bí 15. Òjé bálánsì tó bá bọ́ sínú omi láti inú mọ́ọ̀dù máa ń le ju èyí tó tutù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi jìnnà sí ìkòkò. Ẹ má sì wọn líle ọta lọ́jọ́ tí ẹ dà á, torí ó ṣì ń le sí i fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣé èéfín òjé ò ní pa mí?

Òjé ò hó títí dé 1,749 °C, ìwọ̀nba oru tó ń yọ ní 380 sì kéré, bí ẹ bá wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Eruku ìdàrọ́ àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ló léwu jù. Ẹ má jẹun, ẹ má mu sìgá níbẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọwọ́, kí ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ọmọdé àti aláboyún má sì débẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń dà á déédéé, kó máa lọ yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìdàrọ́ ńkọ́? Inú agolo irin tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ kọ "òjé" sí i lára, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ìdọ̀tí olóró.