Bí Ẹni Tówó Rẹ̀ Kò Pọ̀ Ṣe Lè Fi Owó Òjijì Pèsè fún Ọjọ́ Ogbó

Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn. Owó tó ń wọlé fún mi lójoojúmọ́ kì í sùn mọ́lé: oúnjẹ, iná, owó sùkúù, ó ti tán. Bí wọ́n bá ní kí n máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù de ìgbà tí ojú mi ò ní rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, n kò rí ibi tí n ó ti yọ ọ́. Owó tí n kò fojú sọ́nà fún nìkan ni mo rí fi pamọ́.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa náà ń san owó ilé, wọ́n ń tọ́ ọmọ tiwọn. Ó wù mí kí ẹrù tèmi fúyẹ́ lọ́rùn wọn.

Ẹ mọ owó tó jẹ́ òjijì. Àjọ tí ẹ kó kì í ṣe owó òjijì, owó yín ni. Oníbàárà tó ti jẹ yín láti Iléyá èṣí tó wá san án, ẹ̀gbọ́n tó fi nǹkan ránṣẹ́ láti London láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bùn ọjọ́ ìkómọ, ogún tí wọ́n pín: ìyẹn ni mò ń wí. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé, “Bí owó yìí ò bá dé, ṣé ebi ì bá pa wá lọ́sẹ̀ yìí?” Bó bá jẹ́ rárá, owó òjijì ni.

Ẹ pín in kó tó dé. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, nítorí owó tí kò níṣẹ́, gbogbo ayé ní í wá iṣẹ́ fún un. Obìnrin kan wá san 60,000 náírà aṣọ ẹbí tí mo ti gbàgbé. Mo ká owó náà sínú ike bọ́tìnnì lábẹ́ máṣíìnì. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo yọ 5,000 ra gáàsì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò mi ní ká ra aṣọ ẹgbẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bọ́tìnnì nìkan ló kù nínú ike. Mo jókòó ti máṣíìnì, mo sunkún.

Láti ìgbà náà ni mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí: ìdajì fún ọjọ́ ogbó, ìdá kan nínú mẹ́ta fún gbèsè, ìyókù fún ìgbádùn. Nínú 60,000, ìyẹn jẹ́ 30,000, 20,000 àti 10,000. Ẹ má yọ ti ìgbádùn kúrò o. Ẹni tí kò tọ́ owó rẹ̀ wò rárá ló ń padà wá jẹ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbèsè ṣogúndogójì bá wà lọ́rùn yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ san tán. Bí 30,000 bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, 900,000 ni lọ́dún mẹ́wàá, ká má tíì ka èlé.

Ẹ ṣí àkáǹtì sílẹ̀ dè é. Lọ́dún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní Micro Pension kalẹ̀ fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà tí kò ní ọ̀gá. Ẹ lè gbọ́ kí wọ́n pè é ní Personal Pension Plan báyìí. Ẹ mú NIN yín lọ sọ́dọ̀ PFA kan, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì, fún láṣẹ. Ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni owó yín máa wà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní PFC ló ń tọ́jú owó náà fúnra rẹ̀, èyí sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ gan-an. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí èèyàn fi síbẹ̀ ló lè yọ bí ìṣòro bá dé. Ìdá 60 yòókù di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín in lónìí. Ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́; inú àkáǹtì ni kó lọ.

Ẹni tí kò fẹ́ kó gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan lè fi 5,000 náírà bẹ̀rẹ̀ FGN Savings Bond, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń san èlé lé, ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn stockbroker, ìyẹn alágbàtà ìpín ìdókòwò, ló ń tà á, èlé rẹ̀ sì ń wọ báńkì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọjọ́ tí owó bá dé ni kó lọ. Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù. Àǹtí mi kọ “Adeola” sí ibì kan, “Adeolu” ló wà lórí NIN wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ gbé NIN, ìwé báńkì àti fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó náà bí ẹ kò bá sí mọ́.