Ohun Tí A Kì Í Dìbò Lé Lórí Nínú Ìpàdé Àdúgbò

Ẹ̀yìn ọjà Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni àdúgbò wa wà. Ẹ̀gbá ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n a ní Haúsá tí bàbá wọn ti Sábó wá kọ́lé síbí, a ní Íbò tó ń ta páàtì mọ́tò, a ní Ẹ̀gùn, a sì ní Ìgèdè láti ìpínlẹ̀ Bẹ́núè tó ń ṣiṣẹ́ oko. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA tí gbogbo èèyàn ń pè é. Ògbufọ̀ ni mí ní kóòtù májísíréètì kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà ẹ má bínú bí mo bá ń pe abala òfin bí ẹni ń ki oríkì.

Bí àdúgbò tiyín bá rí bíi tiwa, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun tí ìpàdé kò gbọdọ̀ dìbò lé lórí sí i, kí ẹ tó dìbò lórí ohunkóhun. Tiwa rèé: ẹ̀sìn tí èèyàn ń ṣe, èdè tó ń sọ, aṣọ tó ń wọ̀, ẹni tó lè ra ilẹ̀ tàbí gba ilé, àti kí wọ́n bu owó tó yàtọ̀ lé ẹnì kan nítorí ibi tó ti wá. Inú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 la ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Abala 38 fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀sìn rẹ̀, abala 43 ní ọmọ Nàìjíríà lè ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà, abala 42 sì ní kí òfin tàbí ìjọba má fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ibi tó ti wá, tàbí torí pé ó jẹ́ obìnrin.

Owó ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ dán bébà yẹn wò. Ẹnì kan dìde, ó ní kí àwọn Haúsá máa san ìlọ́po méjì, pé nítorí tiwọn la ṣe gba ọdẹ. (Ọdẹ ọ̀hún gan-an, Haúsá ni.) Ọwọ́ tó nà sókè láti gbè é lẹ́yìn kò kéré. Alága ò bá a jiyàn. Ó ka ìlà karùn-ún sí wa létí, ó ní èyí ò sí lára ohun tí à ń dìbò lé, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà.

Wọ́n á bi yín pé, ṣebí dẹmọ́kírésì ni, ṣebí ẹni tó bá pọ̀ ló ń borí? Ẹ bi wọ́n bí Abẹ́òkúta ṣe di ìlú. Nígbà tí Sódẹkẹ́ kó Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan kó ìjòyè àti Ògbóni tirẹ̀ wá. Òwu dé lẹ́yìn wọn. Ìjàyè sá wọlé lẹ́yìn tí ogun tú wọn ká ní 1862. Kò sẹ́ni tó ka orí láti mọ̀ bóyá kí Òwu fi oyè Olówu sílẹ̀. Títí dòní, ọba ju ẹyọ kan lọ ló wà níbẹ̀: Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ wà, Àgùrá wà, Olówu wà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èkejì náà fún wọn: ìlú yìí kan náà ló ṣe Ìfọ́lé ní 1867, tí wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì lẹ́rù.

Ní ti àsìkò ìpàdé, ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀ àti àárọ̀ Àìkú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Àìkú ló bá tiwa mu, wọ́n á ti kírun Àsárì tán. Ẹ jẹ́ kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ máa yípo, kí oníṣẹ̀ṣe náà gba oṣù tirẹ̀. Àdúrà tirẹ̀ ló máa ń gùn jù.

Èdè ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Abala 36 ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè kóòtù, ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń san owó iná lóṣooṣù náà yẹ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa owó rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ iléèwé ṣe ògbufọ̀ níbi tí wọ́n ti ń bá bàbá rẹ̀ wíjọ́. Ọmọ á gbe bàbá, tàbí kó dójú tì í. Kí ògbufọ̀ máà jẹ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Kí olùsọ̀rọ̀ dánu dúró lẹ́yìn gbólóhùn méjì. Bí ó bá sọ pé “inú ń bí mi”, “inú ń bí mi” ni kí ògbufọ̀ sọ, kó má sọ pé “ó ní inú ń bí òun díẹ̀”. Ibi tí wọ́n ti ń fi “díẹ̀” kún un yẹn ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń mi orí bí ẹni tó ti gbọ́, ẹ ní kó tún iye owó náà pè.

Ẹ má sọ pé ẹ ti ní olórí Haúsá kan nínú ìgbìmọ̀, ó parí. Ìyá tó ń ta màsà lẹ́nu ọ̀nà ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí olórí yẹn ò ní bá a rò. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀.

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ ẹnì kan lójú, abala 46 ṣílẹ̀kùn kóòtù gíga, Legal Aid Council sì wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé abala 15 lọ síbẹ̀. Ó dùn létí, ó ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé níbikíbi, àmọ́ abala 6 kò jẹ́ kí kóòtù fi í dájọ́. Abala 318 tún wá fi òbí àti òbí àgbà wo ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi ọmọ tí wọ́n bí sí Láfẹ́nwá níbí pé ìlú wo ló ti wá, bó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀.

Ẹ ò lè fún un ní ìyẹn. Ohun tí ẹ lè kọ ni lẹ́tà pé ó ń gbé láàrin yín: orúkọ rẹ̀, òpópónà, ọdún tó dé tàbí tí wọ́n bí i níbẹ̀, ọwọ́ alága, ọwọ́ akọ̀wé, òǹtẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú fáìlì, ẹ má sì gbowó lórí rẹ̀.