Ẹ fi ọ̀pá orí fóònù yẹn sílẹ̀: bí mo ṣe ń wọn rezo (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) nílé

Nílé ìyá mi ní Kétu, nínú pálọ̀, fóònù mi máa ń gbé ọ̀pá mẹ́rin kún dẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí n bá ní kí n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́, á máa yí, á máa yí, títí màá fi gbé e jù sílẹ̀ tí màá lọ jẹun. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọ̀pá yẹn kì í ṣe ìwọ̀n gidi, àwọn tó ṣe fóònù ló ń pinnu ìgbà tó máa kún, ìdí nìyẹn tí fóònù méjì fi lè wà lórí tábìlì kan náà, síìmù kan náà, kí ọ̀kan gbé mẹ́ta kí èkejì gbé méjì. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ibo ni nọ́ńbà ọ̀hún wà? Lórí Android, torí èdè Faransé ló wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ wa níbí, ẹ wọ Paramètres, ẹ lọ sí À propos du téléphone, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ carte SIM sí, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó ní dBm lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ tẹ *3001#12345#* kẹ́ ẹ pè é. Tó bá jẹ́ ruta 4G (àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé) lẹ ní, ẹ wo ìdí ẹ̀, wọ́n ti kọ àdírẹ́sì kan síbẹ̀, bíi 192.168.1.1, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Chrome.

Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì. RSRP ni agbára, òun ni nọ́ńbà dBm yẹn, SINR ni bí ohùn òpó (irin gogoro ilé iṣẹ́ fóònù tó ń fi rezo ránṣẹ́) ṣe borí ariwo tó. RSRP máa ń ní àmì àyọkúrò níwájú, torí náà -85 sàn ju -105 lọ, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Tó bá fi 3 wálẹ̀, ìdajì agbára ti lọ, tó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Tó bá ti ń lọ sí -110, ẹ ti ń bá ẹ̀mí jà nìyẹn. SINR ní tiẹ̀, tó bá ju 20 lọ ẹ jó, tó bá wà ní bíi 13 kò burú, tó bá sún mọ́ òdo wàhálà ti dé.

SINR yìí gan-an ló ń pa mí lára ní pálọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wà lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n yín wà lódìkejì títì, ẹ fẹ́ rán an níṣẹ́. Tí ọjà bá dákẹ́, ẹ máa tú gbogbo ọ̀rọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí àwọn zem (ọ̀kadà) bá ń fọn fèrè, tí ẹni tó ń ta àgbo náà tún gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gé e kúrú: "Gààrí! Kọ́ńgò méjì!" Ohùn yín ò kéré o, ariwo ló pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù àti òpó ṣe ń ṣe. Fóònù á tẹ́tí, á wá fún ọ̀nà ní máàkì, láti 0 dé 15, orúkọ máàkì yẹn ni CQI. Èyí tó ga jù tí àṣìṣe ò fi ní ju 10 nínú 100 ló máa ń mú. Òpó á wo máàkì: tó bá kéré, bíìtì (ẹyọ dátà tó kéré jù) méjì péré ló máa dì sínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, tó bá dára ó di mẹ́rin, tó bá dára gan-an ó di mẹ́fà. Fọ́tò mi tó ń yí yẹn, méjì méjì ló ń lọ.

Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni pé fóònù kì í wọn ọ̀nà bákan náà ní gbogbo ìgbà. Tó bá wà lápò, ó ń sùn ni, á kàn lajú fìrí, á wọn, á padà sùn, torí bátìrì. Tí òpó tó dì mú bá lágbára tó lójú tiẹ̀, kò tiẹ̀ ní wá òmíì wò. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá ń wo fídíò ló máa jí dáadáa, á wá máa fi máàkì ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ pa Wi-Fi, ẹ tan fídíò kan kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo nọ́ńbà, ẹ dúró sójú kan fún bí ìdajì ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn fóònù. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú èyí tó wà láàárín, ẹ wá yíjú padà kẹ́ ẹ tún un ṣe, torí ara èèyàn náà ń dí ọ̀nà.

Bí mo ṣe ń rìn yí ilé ká lọ́jọ́ náà pẹ̀lú bíìrò àti ìwé, bàbá kan ládùúgbò wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé owó ẹ ló sọnù ni?" Mo ní, "Rárá o bàbá, rezo ni mò ń wá." Wọ́n ní, "Owó náà kọ́ nìyẹn?"

Nọ́ńbà tí mo kọ rèé: ní pálọ̀, RSRP -84, SINR 2. Lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò kíṣìnì, RSRP -93, SINR 15. Ẹ rí i? Agbára kéré níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí mo rò ni pé òpó méjì ló ń jùmọ̀ pariwo sí pálọ̀, tí ògiri ilé sì dí ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́ o. Lálẹ́ tí gbogbo ayé ti délé, agbára lè wà bó ṣe wà kí rezo máa wọ́, torí èrò ti pọ̀ lórí òpó kan náà, ìyẹn ò ní í ṣe pẹ̀lú ibi tẹ́ ẹ gbé ruta sí, ẹ má wulẹ̀ máa gbé e kiri. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, tí àpáta yín bá wà láàárín ilé àti òpó, ẹ fi síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn dán an wò, bóyá òpó tiwọn wà lápá ibòmíì. Òjò fúnra ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí 4G lọ́wọ́, àwọn ewé tútù tó wà lójú ọ̀nà ló ń ṣe é.

Ruta ìyá mi, ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ló wà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún fi aṣọ bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ sí wíńdò kíṣìnì, lórí pákó tí mo kàn mọ́ ògiri. Wọ́n ní kò rẹwà níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n fi fídíò pe àbúrò mi, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ fi fẹ́ jóná lórí iná.