Bí a ṣe ń fi mùkúná, àdá àti oògùn kápá èkan

Ẹni tó bá ti wa iṣu rí lágbègbè Ọ̀mù-Àrán tàbí Igbàjà, tó bá a pé koríko èkan ti gún iṣu náà wọnú bí abẹ́rẹ́, mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dunni tó. Iná kì í pa èkan. Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, nínú gbòǹgbò funfun tó ní oríkèé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ó tún hù nìyẹn. Ìdí nìyí tí katakata fi ń dá kún un: ó ń gé gbòǹgbò wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì ń fọ́n ọn káàkiri oko.

Òjìji ni èkan kò lè fara dà. Mùkúná, ìbátan yèrèpè tí kì í yún ni lára, máa ń fà bo ilẹ̀ débi pé oòrùn kì í ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé e tọ àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin lọ ní nǹkan bí ọdún 1987, kí ilẹ̀ lè lọ́ràá ni wọ́n wí. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló rí i pé ó ń pa èkan, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Bí òjò bá ti múlẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ ṣán èkan mọ́lẹ̀. Ẹ má sun ún. Níbi tó bá ti ki jù, ẹ jẹ́ kó tún hù tó orúnkún, kí ẹ wá fín glyphosate, oògùn apakoríko, sí i lọ́jọ́ tí òjò kò ṣú. Ewé tútù ló ń gbé oògùn náà dé gbòǹgbò. Ẹni tó fín in sí ewé gbígbẹ fi owó ṣòfò ni. Ẹ wọ bàtà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ má sì fín in létí odò. Níbi tí èkan kò bá ti pọ̀, àdá tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbin mùkúná hóró méjì-méjì, 75 cm láti ìlà sí ìlà, 40 cm láàárín ihò. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Mùkúná kékeré kò lè dá èkan kojú, nítorí náà ẹ máa wọ oko ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ bẹ́ èyí tó bá yọrí, títí ilẹ̀ yóò fi bò pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ àgbàdo pẹ̀lú rẹ̀, kó jẹ́ kí àgbàdo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ mùkúná yóò gùn ún, yóò sì fà á lulẹ̀. Lójú tèmi, oko tí èkan ti gbà tán, mùkúná nìkan ni kí ẹ gbìn síbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ tọ́jú hóró rẹ̀ fún irúgbìn. Ẹ má sè é jẹ bí ẹ̀wà o. Ó máa ń dà ènìyàn nínú rú.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mùkúná á gbẹ, á sì tẹ́ sílẹ̀. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ oko mọ́ yíká, kó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, nítorí iná ọdẹ àti ti darandaran. Tí iná bá jó ewé yẹn, èkan ni yóò kọ́kọ́ hù.

Bí òjò bá tún dé, ẹ má kọ ebè. Ẹ dá ihò sáàárín ewé gbígbẹ náà, kí ẹ gbin àgbàdo sí i. Ẹ fi ọkọ́ wú èkan tó bá kù tòun ti gbòǹgbò, kí ẹ sá a sórí àpáta. Apá tó bá ṣì ń hù púpọ̀, ẹ tún gbin mùkúná síbẹ̀ lọ́dún kejì. Ẹ sì máa fi ìlà mùkúná kan sí ààlà lọ́dọọdún, nítorí èkan oko ẹnìkejì ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé.