Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iná Tí Sólà Lè Mú Wá Nítòsí Júpítà

Kí a tó pinnu pé sólà ni yóò máa pèsè iná fún ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfúrufú, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ bí ibi tó ń lọ ṣe jìnnà sí oòrùn tó. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 150 ló wà láàárín Ayé wa àti oòrùn, òun ni àwọn onímọ̀ sì fi ṣe òṣùwọ̀n 1. Pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì wà ní 1.52, pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà sì wà ní 5.2.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi 5.2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò di 27. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, torí wọ́n rò pé bí oòrùn bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò kàn dín kù sí ìdajì ni. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri nínú òkùnkùn, kí ẹ sì sún sẹ́yìn títí ẹ ó fi jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì: ìmọ́lẹ̀ náà yóò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì níbùú àti lóòró, tó fi jẹ́ pé àyè ìlọ́po mẹ́rin ló ń bò, ojú kan ṣoṣo kò sì ní rí ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Lókè ojú sánmà Ayé, àyè tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóòró ń gba nǹkan bíi wáàtì 1,361. Ẹ fi 27 pín in, yóò ku 50 péré. Ẹ wá wo ọkọ̀ Juno tí NASA rán jáde ní 2011, tó dé Júpítà ní 2016: apá sólà mẹ́ta ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 9. Wọn ìbá mú wáàtì 14,000 wá nítòsí Ayé, ṣùgbọ́n ní Júpítà, nǹkan bíi 500 ni, bí ìṣirò náà ṣe wí gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ dán sólà wò nínú òtútù líle àti ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ pa pọ̀, nítorí àwọn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níhìn-ín tí agbára wọn ń já wálẹ̀ níbẹ̀ ju bí ìṣirò ṣe fi hàn lọ.

Ẹ ṣírò òjìji náà mọ́ ọn. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n tan àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré Juno fún wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ láti yí ọ̀nà rẹ̀ padà, nítorí bí ó bá wọ inú òjìji Júpítà fún wákàtí 12, bátìrì rẹ̀ ìbá tán pátápátá. Ní Máàsì, eruku ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òun ló bo sólà InSight, ọkọ̀ NASA tó balẹ̀ síbẹ̀, títí iṣẹ́ rẹ̀ fi parí ní 2022.

Ní Sátọ̀n, wáàtì 15 ni ìṣirò yìí ń fúnni, ìdí nìyẹn tí Cassini, ọkọ̀ tó gbéra lọ síbẹ̀ ní 1997, fi gbára lé ooru plutonium, ohun tó máa ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀, dípò sólà.