Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà kí ẹ tó pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ímeèlì bá kọ̀ tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín, tó ń kọ "Your connection is not private", ẹ kọ́kọ́ wo déètì àti aago tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kí ẹ tó fọwọ́ kan páásíwọ̀ọ̀dù tàbí kí ẹ sanwó fún oníṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí ojúlé ímeèlì ń fi hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọdún 2009 la ṣì wà, lójú tiẹ̀, ìwé yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló bá tilẹ̀kùn. Ẹ tún aago ṣe, ẹ pa bíráósà, kí ẹ tún un ṣí. Tí aago bá tún ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí NEPA bá múná lọ, bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà ló ti kú: CR2032, pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Kò wọ́n rárá. Ẹ yọ wáyà iná kí ẹ tó ṣí i o. Ti láptọ́ọ̀pù míì ní wáyà tó so mọ́ ọn, ẹ gbé ìyẹn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ aago tó péye ò sọ Windows 7 (ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà àtijọ́ míì) di ohun tó láàbò: láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ fún àwa ará ilé, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ báńkì.